Orí Keje: Ìlẹ̀kẹ̀ Ohùn Ìrìdodò

"Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ òsì síhìn-ín," ni Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àdéhùn, wí.

Mosúnmọ́lá ti bọ́ tirẹ̀ tipẹ́. Ó na ọwọ́ òsì sínú àwo idẹ tó wà láàrin yàrá, ìlẹ̀kẹ̀ ohùn mẹ́jọ tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iná ilé ṣe ń tàn ládùúgbò nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

"Mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún," ni ẹ̀rọ náà wí. Ohùn ìyá àgbà tí nǹkan kan kò lé ni wọ́n fún un. "Ìdajì ohùn ilé-iṣẹ́ Ìrìdodò ti wọlé. Ìdajì kejì dà?"

"Ó ń bọ̀ lójú omi," ni Mosúnmọ́lá dáhùn.

Kò dá a lójú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí Kúfòríjì ti di ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ tirẹ̀, ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà, wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Kò sí ẹni tó lè ní kó bọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí pé ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ.

"Wọn kì í ṣe báyìí láyé àtijọ́," ni Bàbá Ìgbẹ̀kẹ̀lé ń kùn láti orí àga rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Mosúnmọ́lá ni. "Ìwé là ń tọwọ́ bọ̀. Èèyàn á tọwọ́ bọ̀ ọ́, á sì máa lọ sílé."

"Ìwé yẹn dà báyìí, Bàbá?"

Bàbá náà fi àgbọ̀n júwe ojú fèrèsé. Níta, òkun tẹ́ lọ bẹẹrẹ lórí ibi tí títì Ìgbókọ̀dá wà nígbà kan. Ilé, báńkì àti ìwé tó wà nínú wọn ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará etíkun kò fi gba ìwé gbọ́ mọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú Ẹlẹ́rìí nìkan ló ń jẹ́ àdéhùn.

Bàbá Ìgbẹ̀kẹ̀lé kò kàn wá wòran. Òfin ní kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá fẹ́ fi owó sí i. Ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Òun ló gbàdúrà, òun náà ló sì ba nǹkan jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ á gbọ́ èébú. Ẹlẹ́rìí ti bi àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì nígbà yẹn pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá fẹ́ fi èkejì sílẹ̀. Kúfòríjì ti la ẹnu. Bàbá ló fò dìde.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Lọ́jọ́ ìkómọjáde lẹ fẹ́ máa dárúkọ ikú? Wọn ò ní pínyà láé. Ìwọ ẹ̀rọ yìí, bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn!"

Gbogbo yàrá ṣe àmín. Wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ìpínyà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ló lè mú un ṣẹlẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣẹlẹ̀.

Ní òdìkejì àwo idẹ náà ni Ìyáàfin Olútóyè jókòó sí, obìnrin tó ni oko ẹja láti Ìgbókọ̀dá títí dé ọ̀sà. Lọ́yà rẹ̀, Ṣówándé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ìyáàfin náà kò wo ẹnikẹ́ni. Àwọ̀n tí Mosúnmọ́lá gbé kọ́ sójú fèrèsé ló ń wò.

Àwọ̀n lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, irú èyí tí àwọn apẹja ń lò. Ṣùgbọ́n kókó tí wọ́n ta sí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fa omi jáde láti inú afẹ́fẹ́, omi náà ń kán tó, tó, tó sínú abọ́ kan nísàlẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ni. Ní etíkun tí kànga gbogbo ti di omi òkun, kò sí ohun tí èèyàn lè gbé wá tó ju èyí lọ. Àwọn abúlé orí omi mẹ́fà ló ti ní kí Mosúnmọ́lá bá àwọn hun àwọ̀n kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Òwú tó wà nílé kò ní tó abúlé kan. Bí kò bá rí ẹni fowó sí iṣẹ́ náà lónìí, ẹ̀rọ ìhun rẹ̀ yóò dúró, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò sì fọ́nká.

"Ìlẹ̀kẹ̀ méjì péré ni mo fẹ́, ọmọ mi," ni Ìyáàfin Olútóyè wí. "Èmi á fi owó tí o nílò sílẹ̀, ìwọ á fún mi ní méjì nínú mẹ́jọ rẹ. Ṣé mo ni ọ́ lára?"

"Rárá, Mà. Mo dúpẹ́, Mà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Kúfòríjì wọlé pẹ̀lú aṣọ òjò tó rin gbingbin. Ó ti rù díẹ̀, ó ti dá irùngbọ̀n sí, ó sì dúró jìnnà sí Mosúnmọ́lá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Ìgbẹ̀kẹ̀lé. Bàbá wo ibòmíràn. Ó fi ọwọ́ sínú àwo láìwo ojú Mosúnmọ́lá, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ tirẹ̀ sì tàn.

"Ohùn ti pé," ni Ẹlẹ́rìí wí. Àtùpà mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀ ṣí ojú funfun, ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún ẹlẹ́rìí ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa gbà àti ohun tí ẹlòmíràn máa pàdánù. Bó bá yé mi, àtùpà á di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fi nǹkan pamọ́, á pọ́n. Bó bá pọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di àmọ́dún. Àlejò ló ń bẹ̀rẹ̀."

Lọ́yà Ṣówándé dìde, ó ká agbádá. "Oníbàárà mi yóò gba ìlẹ̀kẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí. Òun fúnra rẹ̀ yóò ṣẹ́ku mẹ́fà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àtùpà àkọ́kọ́ pọ́n.

Gbogbo wọn gbójú sókè. Lọ́yà wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ òjò ọ̀rọ̀. Ó ní nínú ẹ̀mí àjọṣepọ̀, àti ní ìbámu pẹ̀lú ìgbòòrò ìfẹ́ inú rere tí oníbàárà òun ní sí ìdàgbàsókè omi tútù, àti láìyọ àwọn ìdúnàádúrà tó lè ti wáyé ní ìhà òmíràn sílẹ̀...

"Mi ò gbọ́ ọ yé," ni Ẹlẹ́rìí wí, àtùpà sì pọ́n lẹ́ẹ̀kejì. "Ìbéèrè mi kò le. Nígbà tí ẹ bá dìde níbí, ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Olútóyè? Ohun tí ẹ sọ níwájú Ẹlẹ́rìí Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Ẹ̀yin ni. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Lọ́yà ya ẹnu. Ìyáàfin Olútóyè fi ọwọ́ fa agbádá rẹ̀ wálẹ̀.

"Jókòó, Ṣówándé." Ó kọjú sí ẹ̀rọ náà, kò sì fi igbá kan bọ̀kan nínú. "Mẹ́wàá. Mẹ́jọ Kúfòríjì, mo ti bá a sọ ọ́, èmi ni mò ń rà á lónìí. Mẹ́jọ àti méjì, mẹ́wàá. Ohùn mi á borí ti ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá wù mí, mo lè ní kí ọmọbìnrin yìí má wá síbi iṣẹ́ lọ́la. Àti pé lọ́jọ́ tí a bá ta ilé-iṣẹ́ náà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gba owó mi ní ìlọ́po méjì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

Àtùpà àkọ́kọ́ di àwọ̀ ewé. Òótọ́ ni.

Méjì péré tí wọ́n ń bẹ Mosúnmọ́lá fún láti àná, wọ́n ti mọ iye tó máa di. Ojú tì í pé òun dúpẹ́. Ó kọjú sí Kúfòríjì.

"Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ṣe é," ni ó wí.

Kúfòríjì ni ẹni tó yà lẹ́nu jù nínú yàrá náà. "Wọ́n ní o mọ̀. Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n wá ra tèmi, pé o ò fẹ́ rí mi nínú iṣẹ́ yìí mọ́."

"Èmi?"

"Ṣówándé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Lọ́yà ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mosúnmọ́lá, ó kàn yín," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Kí lẹ máa gbà, kí sì lẹ máa pàdánù?"

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò le rárá. Mo gba owó, mo pàdánù ilé-iṣẹ́ mi. Àtùpà á di àwọ̀ ewé, ẹ̀rọ ìhun á máa ṣiṣẹ́ lọ́la, àwọn abúlé á mu omi. Òun á sì di alágbàṣe nínú ilé tí òun kọ́, títí di ọjọ́ tí ẹni tó ni mẹ́wàá bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí ó bá sì ní rárá, ta ni yóò hun àwọ̀n fún àwọn ọmọ tí ètè wọn ti bó nítorí omi iyọ̀? Ó wo omi tó ń kán láti ojú àwọ̀n. Ó bínú sí Ìyáàfin náà, ó bínú sí Kúfòríjì, ṣùgbọ́n ìbínú tó ṣe é lóore jù lọ ni èyí tó ní sí ọjọ́ àmín yẹn.

"Kí n tó dáhùn," ni ó wí, "mo fẹ́ tún àdéhùn àkọ́kọ́ sọ."

"Lásìkò yìí kẹ̀?" ni Lọ́yà fò sókè.

"Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Onílé ń ṣáájú àlejò. Ẹ máa sọ ọ́."

Mosúnmọ́lá kọjú sí Kúfòríjì. "Kúfò, mo bínú sí ọ gan-an ni. O lọ láìdágbére. Mo jí lọ́jọ́ yẹn, mo gbé tíì méjì wá síbi iṣẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bá àga rẹ lófo. Kí ló dé?"

Kúfòríjì wá wo ojú rẹ̀. "Àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí mo máa lọ fún ọjọ́ méjì kí n padà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Bàbá ti ní a ò ní pínyà láé, gbogbo yín ṣe àmín. Bí mo bá sọ pé mo ń lọ, wọ́n á ní èmi ni mo ṣẹ́ èpè fún iṣẹ́ náà. Nítorí náà mo sá."

"Ìyá ńkọ́?"

"Ara wọn ti le. Wọ́n kí ọ."

Mosúnmọ́lá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, kò sì fi pamọ́. "Ó dáa. Ohun tó yẹ ká ti sọ nígbà náà nìyí. À bá ti ní kálukú á ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin kí mẹ́jọ tó di tirẹ̀ pátápátá, kó máa wọlé sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kan àtààbọ̀ ni ìwọ ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ, bó o wà ní Ẹ̀pẹ́, bó o wà lókè òkun. Márùn-ún yòókù, dá a padà fún Ìrìdodò."

"Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì," ni Lọ́yà Ṣówándé yára wí, "mẹ́jọ ni àwa ń ra o. Owó ọwọ́ ni, lónìí yìí. Ẹ má sì gbàgbé pé kókó tó wà lójú àwọ̀n yẹn, ẹ̀yin lẹ dá a nínú yàrá yín. Kò sí ibi tí ẹ ti fi fún ilé-iṣẹ́ kankan. Bí ẹ bá gbé e lọ, kí ló kù fún wọn? Àwọ̀n ẹja."

Mosúnmọ́lá wo àwọ̀n náà. Òótọ́ ni ọkùnrin burúkú yìí sọ. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè rí pé ta ló ni kókó náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ta ló ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú ìyẹn?

"Ìwọ lo dá a," ni ó sọ fún Kúfòríjì. "N kò ní purọ́. Mo ń bẹ̀ ọ́ kó o fi fún ilé-iṣẹ́, kó lè jẹ́ pé bó o wà, bó ò sí, àwọ̀n á máa kán omi. Orúkọ rẹ á wà lójú gbogbo àwọ̀n tó bá jáde lọ́dọ̀ wa. Kókó Kúfò. Níwájú Ẹlẹ́rìí ni mo ti sọ ọ́."

Kúfòríjì wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Lọ́yà. Ó wá rẹ́rìn-ín, irú èyí tó máa ń rín nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá ti rí ojútùú sí ìṣirò kan.

"O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni mo fi retí kí ẹnì kan bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Ó tú okùn ìlẹ̀kẹ̀. Ó yọ márùn-ún, ó jù wọ́n sínú àwo idẹ, wọ́n sì dún kẹrẹkẹrẹ yí po nínú rẹ̀. "Mẹ́ta ni tèmi. Márùn-ún ti Ìrìdodò. Kókó náà, mo fi fún Ìrìdodò, títí láé. Kí orúkọ mi má ṣáà sọnù."

"Ó yé mi," ni Ẹlẹ́rìí wí, àtùpà kejì sì di àwọ̀ ewé tó mọ́ kedere.

Ó dàbí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún Mosúnmọ́lá, èyí tó ti rù pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé pé ẹrù ni. Kò jókòó. Ó kọjú sí Ìyáàfin Olútóyè, kò sì sọ pé òun dúpẹ́ mọ́.

"Mà, ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ló wà nínú àwo. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń hun àwọ̀n. Mẹ́rin tó kù, tiyín ni, bí ẹ bá fi owó tí ẹ sọ sílẹ̀. Mẹ́jọ tèmi, n kò ní yọ ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí a bá ta ilé-iṣẹ́, owó yín ni yóò kọ́kọ́ jáde, torí ẹ gbà wá gbọ́. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ fi sílẹ̀ ni, kì í ṣe ìlọ́po méjì."

"Bí mo bá ní mi ò ṣe?"

"Ẹ ó máa lọ sílé, Mà. Èmi á wá ẹlòmíràn lọ. Ní báyìí, n kò ní ohun kankan tí mo ní láti fi pamọ́ fún un."

Omi ń kán sínú abọ́. Ìyáàfin Olútóyè dìde, ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó fi ìka bọ inú abọ́ náà, ó sì tọ́ ọ wò. Ó yíjú padà.

"Omi iyọ̀ ni àwọn èèyàn mi ń mu lóko ẹja," ni ó wí. "Lóṣù tó kọjá, mo sin méjì nínú wọn. Kí lo rò pé mo ń wá níbí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo fẹ́ mẹ́wàá torí pé mo rò pé o kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú. Mo ti rí i pé o mọ̀ ọ́n. Mẹ́rin ni mo gbà. Mo sì fẹ́ àga kan nínú ìgbìmọ̀ yín, kí n lè máa pariwo lé ọ lórí."

"Àga wà, Mà. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa pariwo padà."

Kúfòríjì bú sẹ́rìn-ín, Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín torí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìyáàfin sọ tirẹ̀ fún Ẹlẹ́rìí, ó ní mẹ́rin, ó sì sọ ohun tí òun kò ní lè ṣe fún Mosúnmọ́lá mọ́. Mosúnmọ́lá sọ tirẹ̀. Àtùpà méjèèjì tàn, ó ku ẹ̀kẹta.

"Ẹlẹ́rìí ìbẹ̀rẹ̀," ni ẹ̀rọ náà wí. "Bàbá Ìgbẹ̀kẹ̀lé, ẹ̀yin ló kù. Bí àwọn méjèèjì yìí bá pínyà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

Bàbá gbá àga mú. "Ṣé wọn ò tíì sọ ọ́ ni?"

"Wọ́n ti sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fò ó nígbà yẹn. Òfin tuntun kò jẹ́ kí n fò ó mọ́. Láìsọ ọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lónìí di asán."

Gbogbo ojú yí sí i. "Ṣé mi ò kúkú lè mi orí?"

"Mi ò ní ojú, Bàbá. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́."

Mosúnmọ́lá lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Ìgbẹ̀kẹ̀lé wo ọmọ àbúrò rẹ̀, ó wo Kúfòríjì tó dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan tí òun kò dá lóhùn. Ó pa ojú dé.

"Bí Mosúnmọ́lá àti Kúfòríjì bá pínyà," ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì jáde bí ẹni tó ń pọ oògùn kíkorò, "ẹni tó ń lọ á mú èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún. Á fi ìyókù sílẹ̀." Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ kún un. "Á sì dágbére. Kò ní sá. Kò sí ẹni tó máa bínú sí i."

Àtùpà kẹta di àwọ̀ ewé.

Bàbá la ojú kan. Ó wo òrùlé, bóyá nǹkan kan fẹ́ já lulẹ̀. Kò sí ohun tó já. Òkun ṣì wà níbi tó wà, omi sì ṣì ń kán láti ojú àwọ̀n. Ariwo ayọ̀ ló gba yàrá náà kan, Mosúnmọ́lá ń fò sókè bí ọmọ ọdún méje, Ìyáàfin Olútóyè fúnra rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn á bá àwọ̀n lójú omi lọ́dún yìí.

Kúfòríjì gbé abọ́ omi náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Bàbá mu ún tán, ó nu ẹnu.

"Mò ń padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la, Bàbá," ni Kúfòríjì wí. "Ìyá mi ń retí mi. Mo ní kí n dágbére."

Ọkùnrin àgbà náà gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "Bá mi kí ìyá rẹ."